Ilé Tó Jó, Ta Ni Yóò Bu Ẹwà Sí I?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni fún ọba, nítorí gbogbo ìlú ní í gbé igi, ewé àti agbára wá, tí ààfin tuntun á sì yọ ju ti àtijọ́ lọ. Onílé tó wà ní Mafoluku tàbí Okota ní Èkó kò ní ìlú tí yóò bá a kọ́ ilé. Ohun tó ní, bó bá tiẹ̀ ní in, ni ìwé àdéhùn tó gbà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìdójútòfò, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ínṣọ́ránsì. Ibẹ̀ sì ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Onílé ti fọkàn sí owó ilé tuntun, iléeṣẹ́ gbé owó ilé ogbó wá. Ó ka owó náà, kò tó ra páànù, ó ní olè ni gbogbo wọn. Èrò tèmi ni pé ọjọ́ tí a kọ iye ilé sínú ìwé ni púpọ̀ nínú ìjà yìí ti fìdí múlẹ̀, tipẹ́tipẹ́ kí iná tó ràn. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó tó tó, ọjọ́ náà ni kó ti béèrè, kó ti jiyàn, kó sì ti rí i pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó fajú ro sí ẹnì kejì.

Ìpìlẹ̀ ìdójútòfò ni pé kí a dá ẹni tó ṣòfò padà sí ibi tó wà ní àárọ̀ ọjọ́ tí òfò dé, kí a má gbé e kọjá ibẹ̀. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Bí ilé tó jó bá ń sọ ẹni tó ni ín di ọlọ́rọ̀, kò ní pẹ́ tí àwọn kan yóò fi máa fi ọwọ́ ara wọn ti iná bọ ilé, aládùúgbò tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ á sì bá a lọ, pàápàá ní àdúgbò wa tí ògiri ilé kan ti ń fara kan ògiri èkejì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yọ owó ogbó kúrò nínú owó gbà-máà-bínú. Ká ní ẹnìkan ra firísà ní ₦150,000 ní ọdún 2018, tí irú rẹ̀ ti di ₦600,000 lọ́jà nígbà tí iná jó o ní ọdún 2024. Bí ẹni tó wá díye lé òfò bá gbà pé ọdún mẹ́wàá ni irú firísà bẹ́ẹ̀ ń lò kó tó kú, ọdún mẹ́fà ti lọ nínú rẹ̀. Yóò yọ ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá kúrò nínú ₦600,000, yóò sì kọ ₦240,000 sílẹ̀. Olófò á figbe ta. Ìṣirò náà kò lábòsí, owó náà tiẹ̀ ju iye tí ó fi rà á lọ, síbẹ̀ irora rẹ̀ kì í ṣe irọ́, nítorí ₦240,000 kò lè gbé firísà tuntun wálé. Àfi kó lọ wá tòkunbọ̀, tàbí kó fi owó ara rẹ̀ kún un ní àsìkò tí kò sí owó lọ́wọ́ rẹ̀ rárá.

Ohun tí kò yẹ kí oníbàárà gbà lásán ni kí wọ́n máa fi ọjọ́ orí nìkan wọn ogbó. Ilé tí wọ́n kọ́ ní Ìsọlọ̀ ní ọdún 1988 lè ní òrùlé tí wọ́n yí padà ní ọdún 2021 àti wáyà iná tí wọ́n tún fà ní ọdún 2022. Bí iná bá jó o ní ọdún 2024, òrùlé ọdún mẹ́ta ni òrùlé yẹn, kì í ṣe ti ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́rìí? Páànù ti di eérú, káfíńtà tó kàn án ti kó lọ sí ibòmíràn, rìsíìtì sì wà nínú yàrá tó jó. Ẹni tó wá díye kò rí ohun kan tó fi hàn pé òrùlé náà kì í ṣe ti àtètèkọ́ṣe, yóò sì yọ owó ogbó tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí a bá tún ilé ṣe, kí a ya fọ́tò iṣẹ́ náà, kí a ya fọ́tò rìsíìtì páànù, táìsì, wáyà àti ọ̀dà, kí a sì fi wọ́n ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ tàbí àbúrò tí kò bá wa gbé ilé kan náà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Lọ́jọ́ tí òfò bá dé, fọ́tò yẹn lè dá àìmọye ẹgbẹ̀rún náírà padà.

Bí owó ogbó ṣe ń dunni tó yìí, òun kọ́ ló ń fa òfò tó tóbi jù. Yorùbá ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ onílé ń fi ilé ara wọn ṣe nìyẹn nígbà tí wọ́n bá kọ iye kékeré sínú ìwé kí owó ọdọọdún tí wọ́n ń san fún iléeṣẹ́ lè kéré. Nínú ìwé ìdójútòfò ilé, gbólóhùn kan sábà máa ń wà níbẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ náà ń pè ní average. Ohun tó ń sọ ni pé bí iye tí o kọ bá kéré sí iye tí ilé náà tó gan-an, ìwọ àti iléeṣẹ́ ni ẹ jọ máa pín òfò náà, bó ti wù kí òfò náà kéré tó. Ká ní ilé fúláàtì mẹ́rin kan ní Okota tó ₦80 million lónìí, àmọ́ ₦20 million tí a kọ ní ọdún 2017 ló ṣì wà nínú ìwé. Iná bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìdáná lókè, ó ba nǹkan tó tó ₦8 million jẹ́. Onílé á ní, ṣebí ₦20 million ni mo fi ṣe é, ₦8 million kò tíì dé ìdajì rẹ̀. Iléeṣẹ́ á ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ilé yìí lo san owó lé lórí, nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́rin òfò ni tiwa, ìyẹn ₦2 million. Bí àdéhùn bá tún sọ pé kí oníbàárà fúnra rẹ̀ gbé ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí wọ́n bá fẹ́ san, ₦200,000 tún kúrò níbẹ̀. ₦1.8 million ló kù fún òfò ₦8 million. Òtítọ́ tó korò ni pé kò sí ẹni tó rẹ́ onílé yìí jẹ nínú ìṣirò náà. Iye tó fi sílẹ̀ láti ọdún 2017 ló ṣe é.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ọdún 2023 ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, iléeṣẹ́ BUA kéde pé àwọn yóò máa ta àpò sìmẹ́ńtì kan ní ₦3,500 lẹ́nu géètì iléeṣẹ́ wọn. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ àti àwọn tó ń ṣe sìmẹ́ńtì jókòó ìpàdé ní Àbújá, ibi tí wọ́n sì fẹnu kò sí ni pé kí àpò kan wà láàárín ₦7,000 sí ₦8,000, nítorí iye tí aráàlú ń rà á lọ́jà ti ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín àsìkò kan náà, dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bí ₦460 ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ti lé ní ₦1,500. Irin, táìsì, wáyà, páànù àti ohun èlò balùwẹ̀ tó ń ti òkè òkun wá tẹ̀ lé dọ́là lọ. Ilé tí ìwé rẹ̀ tọ̀nà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ti di ilé tí a kọ iye tó kéré fún láì jẹ́ pé onílé ṣe ohunkóhun. Ẹni tó bá ń san owó déédéé lọ́dọọdún láìwo iye náà ń tan ara rẹ̀ jẹ, iléeṣẹ́ tó sì ń gba owó náà láìrán an létí kò ṣe dáadáa. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé iléeṣẹ́ ló mọ ohun tí gbólóhùn yẹn ń ṣe fún ènìyàn, onílé kò mọ̀ ọ́n.

Iye tó yẹ kí a kọ ni iye tí yóò ná wa láti wó ohun tó jó kúrò, kí a sì kọ́ irú ilé náà padà lónìí. Iye ilẹ̀ kò sí níbẹ̀, nítorí iná kì í jó ilẹ̀. Ní Àjàó Estate, níbi tí ilẹ̀ ti wọ́n, àwọn kan á kọ iye tí wọ́n lè ta ilé àti ilẹ̀ pọ̀, wọ́n á sì máa san owó ọdọọdún lórí ohun tí kò lè jó láéláé. Lẹ́yìn èyí, ẹ bi iléeṣẹ́ bóyá wọ́n ní àdéhùn tó ń san owó àtúnkọ́ láìyọ ogbó. Ó wà, reinstatement ni wọ́n ń pè é. Ó ní ìlànà tirẹ̀: kí iye tí a kọ tó kọ́ ilé náà padà, kí a sì kọ́ ọ ní tòótọ́, nítorí wọn kì í san owó àtúnkọ́ fún ẹni tó fẹ́ kó owó náà lọ ṣòwò. Owó ọdọọdún rẹ̀ yóò ga, nítorí iye tí a kọ ga. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló sún mọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn ti rà tẹ́lẹ̀.

Oko kì í jẹ́ ti bàbá tọmọ kó má ní ààlà, àdéhùn ìdójútòfò náà sì ní ààlà tirẹ̀. Ìwé iná lásán ń bójú tó iná, àrá àti gáàsì ilé ìdáná tó bú gbàmù. Àgbàrá, ìjì, rògbòdìyàn àti ọkọ̀ òfuurufú tó já lulẹ̀ jẹ́ àfikún tí a ń béèrè fún, tí a sì ń sanwó fún lọ́tọ̀. Fún ẹni tó ń gbé ní Oke-Afa, lẹ́bàá kánáàlì, tàbí ní àwọn òpópónà Okota tí omi ń kún lásìkò òjò, ìwé tí kò ní àgbàrá nínú kò tíì kan ewu tó sún mọ́ ọn jù. Mafoluku àti Àjàó Estate wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfuurufú Múrítàlá Muhammed, ọkọ̀ òfuurufú iléeṣẹ́ Dana tó já lu ilé ní Iju-Ishaga ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2012 sì ti fi hàn pé ẹni tó jókòó sínú ilé rẹ̀ lè pàdánù nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn àgbà àdúgbò kò sì tíì gbàgbé ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, nígbà tí àdó olóró bú ní bárékè Ìkẹjà, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tó ń sá kú sínú kánáàlì Oke-Afa. Ìwé iná lásán kò sọ nípa irú ìbúgbàmù bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ààlà mìíràn wà tó ń dun àwọn onílé tó ní ayálégbé ju gbogbo rẹ̀ lọ. Òfin ìdójútòfò ọdún 2003 sọ ọ́ di dandan fún ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀, ó sì ka ilé tí ayálégbé ń gbé mọ́ ọn, kí ó ní ìdójútòfò fún iná, àgbàrá, ìjì, ìmìtìtì ilẹ̀ àti ilé tó wó. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé dandan yìí ń san ni gbèsè onílé sí àwọn ẹlòmíràn: ayálégbé tó farapa, ẹrù wọn tó bàjẹ́, ẹni tó ń kọjá lọ tí ògiri wó lù. Kì í kọ́ ilé náà padà fún onílé. Ẹni tó bá ra ìyẹn nìkan tó sì ń retí owó àtúnkọ́ yóò pariwo lásán. Bákan náà ni ayálégbé kò gbọdọ̀ rò pé ìwé tí onílé fi dáàbò bo ilé ń sọ nípa tẹlifíṣọ̀n àti aṣọ tòun. Ẹni tí ilé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù níwájú, tí ọ̀kan nínú wọn ń ta gáàsì tàbí ń kó epo jẹnẹrétọ̀ pamọ́, kó sọ fún iléeṣẹ́ ní kíkọ sílẹ̀. Bó bá kọ ọ́ pé ilé gbígbé lásán ni, tí iná sì ti ṣọ́ọ̀bù gáàsì bẹ̀rẹ̀, ó ti fún wọn ní ìdí tó lágbára láti má san kọ́bọ̀.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yóò sọ sí gbogbo èyí. Wọ́n á ní kí la ń da ara wa láàmú sí, nígbà tó jẹ́ pé àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí kì í fẹ́ sanwó. Ẹ̀sùn náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ejẹ́ńtì tó wá sílé a máa sọ̀rọ̀ dídùn nípa ohun tí ìwé ń san, kò sì ní ka ohun tí kì í san fún wa. Èdè Òyìnbó tí àwọn agbẹjọ́rò ń bára wọn sọ ni wọ́n fi kọ ìwé náà, lẹ́tà tín-ín-tìn-ìn-tín. Àwọn kan á máa fi ọ̀rọ̀ òní dọ̀la títí owó tí wọ́n fẹ́ san á fi gbó mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí òfin ọdún 2003 fi fún wọn ní 90 ọjọ́ láti yanjú owó gbà-máà-bínú, tí òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọdún 2025, èyí tó rọ́pò ti 2003, sì fi kọ ojú ìjà sí ìfalẹ̀, tó tún ní kí àwọn tó ń bójú tó ilé àti dúkìá gbé owó ìdókòwò wọn láti ₦3 billion lọ sí ₦15 billion. Iléeṣẹ́ tó lówó lọ́wọ́ kò ní àwáwí pé òun kò rí owó san. Àmọ́ òfin kankan kò lè sọ ₦20 million tí a kọ di ₦80 million. Tí ìwé wa bá tọ̀nà, a ó mọ ìgbà tí wọ́n ń rẹ́ wa jẹ ní tòótọ́, a ó sì lè dì í mú.

Àwọn mìíràn á ní Ọlọ́run ni ínṣọ́ránsì àwọn. Èmi náà gbà pé Òun ló ń ṣọ́ ilé. Síbẹ̀ kò sí onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí tó ń fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí mọ́jú ní Òṣòdì. Àwọn kan á sì tọ́ka sí àjọ, èsúsú àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ohun iyì ni wọ́n, wọ́n ti sin òkú, wọ́n ti sanwó ilé ìwé, mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Ṣùgbọ́n owó tí ènìyàn ogún dá jọ kò lè kọ́ ilé alájà méjì, bí iná bá sì jó ọjà tàbí òpópónà kan, ogún ènìyàn náà lè jọ ṣòfò lọ́jọ́ kan náà. Ní ti àwọn tó ní owó ọdọọdún ti pọ̀ jù, ìmọ̀ràn mi ni pé kí wọ́n má dín iye ilé kù. Kí wọ́n sọ fún iléeṣẹ́ pé àwọn yóò fúnra àwọn gbé òfò kéékèèké, kí wọ́n sì fi ìwé náà dúró de òfò ńlá. Èyí sàn ju kí a dáàbò bo ìdá kan nínú mẹ́rin ilé lọ.

Àwọn ará wa tó wà ní òkè òkun náà ń jà irú ìjà yìí. Ní Bìrìtéènì, ọ̀pọ̀ ìwé ìdójútòfò ilé ń fi tuntun rọ́pò ogbó, síbẹ̀ ẹni tó kọ iye kékeré ń rí ìdínkù. Ní Amẹ́ríkà, àwọn iléeṣẹ́ kan á kọ́kọ́ san iye ilé ogbó, wọ́n á fi ìyókù dúró títí olófò yóò fi tún ilé ṣe tó sì mú rìsíìtì wá. Wọ́n tiẹ̀ ti gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́ ní àwọn ìpínlẹ̀ kan lórí bóyá ó tọ́ láti yọ owó ogbó lára owó iṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí iná jó Los Angeles ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ọ̀pọ̀ onílé tó ní ìwé ló rí i pé iye tó wà níbẹ̀ kò lè kọ́ ilé wọn padà. Ìlú olówó nìyẹn, a kò sì lè sọ pé àìmọ̀wé ló fà á.

Bí òfò bá wá dé, ẹ pe 767 tàbí 112, kí ẹ kọ́kọ́ dóòlà ẹ̀mí kó tó kan dúkìá, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ àwọn panápaná ìpínlẹ̀ Èkó lẹ́yìn náà. Ẹ fi tó iléeṣẹ́ létí kíá, ní kíkọ sílẹ̀, nítorí ìwé àdéhùn máa ń fi gbèdéke sí i. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ibi tó jó, ẹ má sì kó ohun tó jó dànù kí wọ́n tó wò ó. Ẹni tí iléeṣẹ́ rán wá, tí wọ́n ń pè ní loss adjuster, iléeṣẹ́ ló ń san owó fún un. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ mú ìdíyelé ti bíríkìlà àti káfíńtà yín sílẹ̀. Bí búrókà bá wà láàárín yín, tiyín ni ó yẹ kó ṣe, ẹ pè é kó wá sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n bá gbé iye wá, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ohun tí wọ́n díye, ọdún mélòó tí wọ́n yọ fún ogbó, ìdí rẹ̀, àti iye tí wọ́n gbà pé ilé náà tó lápapọ̀. Ibẹ̀ ni ìjiyàn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ti ń jáde. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tó ní ẹ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ yín tán bí ọkàn yín kò bá tíì balẹ̀, nítorí lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣòro láti tún ọ̀rọ̀ náà gbé dìde. Bí iléeṣẹ́ bá kọ̀, ẹ kọ̀wé sí NAICOM, àjọ tí òfin ọdún 1997 gbé kalẹ̀ láti máa ṣàkóso wọn, tàbí sí ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ìdójútòfò Nàìjíríà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà tì í. Ẹni tó bá sì jẹ owó ọdọọdún kò ní ẹ̀sùn kankan láti fi lọ, nítorí láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2013 ni NAICOM ti ń fi ọwọ́ líle mú un pé àìsanwó, àìsí ìdójútòfò.

Bí ìwé tiyín bá wà nínú àpótí tàbí lábẹ́ ibùsùn, ẹ yọ ọ́ jáde lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ wo iye tí a kọ síbẹ̀ àti ọjọ́ tí a kọ ọ́, kí ẹ sì pe ẹni tó mọ iṣẹ́ ilé kó sọ iye tí òun yóò fi kọ́ irú ilé náà lónìí. Bí ìyàtọ̀ bá wà, ẹ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ yín kí ọjọ́ ìsanwó tó ń bọ̀ tó pé, kí ẹ sì gba èsì wọn ní kíkọ sílẹ̀.